Ojú tó ń ta ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́: ọ̀rọ̀ akáwǹtáǹtì kan láti Kúbwà

Àsìkò ọyẹ́ ni, eruku ti bo ìlú débi pé èèyàn lè gba Màdálà kọjá láàárọ̀ kó má rí Zuma Rock dáadáa. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan wá sí kílíníkì wa, akáwǹtáǹtì, ọmọ Ìlọrin, ẹni ọdún 38, Kúbwà ló ń gbé, Central Area ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí síta torí àwọn míì wà ní ófíìsì wọn tí nǹkan kan náà ń ṣe. Dókítà ojú ni mí, mo ti ń rí irú ẹ̀ tipẹ́ ní Abuja níbí, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ yìí ló hàn kedere jù lójú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tò ó látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó sọ fún mi nìyí. Tó bá ti ń di aago 11 àárọ̀ ojú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, á dà bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ojú ti pọ́n, omi á máa dà lójú ọ̀tún jù, àwọn nọ́ńbà tó wà lórí kọ̀ǹpútà á máa ṣe bàìbàì, tó bá wá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta wọ́n á tún mọ́ kedere padà. Lọ́jọ́ Sátidé kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè bákan náà, àyàfi tó bá lo gbogbo ọ̀sán nídìí fóònù. Ẹni tí Àpólò bá mú, Àpólò ò mọ Sátidé o, kò ní gba ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, èyí gan-an ló jẹ́ kí ara kọ́kọ́ fu mí.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ó ti kán oríṣiríṣi. Àwọn ará ófíìsì ní Àpólò ni, ó lọ sí kẹ́mísítì, wọ́n ta chloramphenicol fún un, ìyẹn oògùn ojú tó ń pa kòkòrò, kò ṣiṣẹ́. Ìyá ẹ̀ pè é láti Ìlọrin pé kí àbúrò ẹ̀ tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ fún omi ọyàn sí i lójú. Ó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ilé púpọ̀ ló ń ṣe é, àmọ́ omi ọyàn kì í ṣe nǹkan tó mọ́ tónítóní fún inú ojú, kòkòrò lè tara ẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ẹnì kan tún fún un ní oògùn kejì, èyí ni wọ́n ń fi sí ojú tó bá pọ́n, láàárín ọjọ́ méjì ojú tutù pẹ̀sẹ̀, inú ẹ̀ dùn, ló bá ń kán an lọ, tó bá tán á tún ra òmíràn. Mo ní kó gbé páálí ẹ̀ wá. Dexamethasone ló wà níbẹ̀, ìyẹn steroid.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí nínú jẹ́. Steroid máa ń jẹ́ kí ojú pípọ́n lọ, bóyá ohun tó ń fà á ti lọ tàbí kò tíì lọ. Téèyàn bá ń kán an fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìsí ẹni tó ń wò ó, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, ìfúnpá yẹn sì ló ń ba iṣan tó gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́ nínú glaucoma, àwa èèyàn dúdú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára àwọn tí glaucoma ń bá jà jù lọ láyé. Mo bi í bóyá ẹnì kan nílé wọn ní glaucoma, ó ní bàbá òun, ojú kan ti lọ pátápátá. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kan òun! Mo wọn ìfúnpá ojú ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀tún 25, òsì 24, bẹ́ẹ̀ ojú tí ara ẹ̀ dá sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21. Mo ní kó fi oògùn yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, kò gbé e padà lọ sílé.

Ìyókù àyẹ̀wò ò le. Ó ń ríran dáadáa, 6/6 lójú méjèèjì, kò nílò awò. Mo fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní Schirmer kọ́ ìpéńpéjú ìsàlẹ̀ fún mínítì 5, omijé tó fà kọjá 15 mílímítà, ìyẹn ni pé omijé ń jáde dáadáa, kò dín kù. Mo wá kán aró fluorescein síbẹ̀ mo ní kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kó má ṣẹ́ ẹ mọ́, mo ń wò ó pẹ̀lú ẹ̀rọ slit lamp. Ká tó ka dé 5 omijé tó tẹ́ sójú ti fà ya, ihò dúdú dúdú ti ń hàn nínú aró náà. Ojú tí kò ní wàhálà á lé ní 10. Apá ìsàlẹ̀ cornea, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ti bó kéékèèké, ó tò lọ bí ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéńpéjú ìsàlẹ̀. Apá òkè ò ní nǹkan kan rárá. Ẹni tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló rí báyìí, ìpéńpéjú òkè kì í délẹ̀ nígbà tó bá ń ṣẹ́jú.

Mo sọ fún un pé ojú ẹ̀ ló ń gbẹ, àmọ́ omi tó ń dà lójú ẹ̀ ló ń dà á láàmú jù. “Dókítà, ẹ ní ojú mi gbẹ, omi wo wá ni mo ń nù láti àárọ̀?” Ìbéèrè tó dáa ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi mí. Omijé tó yẹ kó máa wà lójú wa ní ipele mẹ́ta, tinrin ni gbogbo ẹ̀: ìsàlẹ̀ ń yọ̀, ó jẹ́ kí omi lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, àárín jẹ́ omi, òkè pátápátá jẹ́ òróró, ó léfòó lórí omi bí òróró ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí omi yára gbẹ. Inú àwọn ẹṣẹ́ (gland) tó tò sí etí ìpéńpéjú ni òróró yìí ti ń jáde, Meibomian ni wọ́n ń pè wọ́n torí Heinrich Meibom, dókítà ará Jámánì tó kọ nípa wọn ní 1666. Ìgbà téèyàn bá ṣẹ́jú tí ìpéńpéjú méjèèjì kanra wọn ni òróró ń jáde tó sì ń tẹ́. Tí wọn ò bá kanra, òróró ò jáde tó, omi á gbẹ lójú, ojú á ta, iṣan á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé nǹkan ń jó mi o, ọpọlọ á da omi lé e lójijì. Omi pàjáwìrì yẹn ló ń ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò ní òróró tó, kì í dúró lójú.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ka iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú, àmọ́ mi ò sọ fún un. Kéèyàn má sọ ló dáa, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka òun ò ní ṣẹ́jú bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, á máa ṣẹ́ ẹ jù tàbí kó dì í mú. Ìgbà tó ń sọ fún mi nípa súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọ̀nà Kúbwà, bí wọ́n ṣe há sójú títì láti àárọ̀ kùtù, ojú ẹ̀ ń ṣẹ́ wéréwéré, ó lé ní 20 ní mínítì kan. Mo wá ní kó ṣí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ kó bá mi wá ibi tí àkáǹtì méjì ò ti bára mu. Ẹ gbà mí gbọ́, láàárín mínítì kan ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló ṣẹ́jú, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ò sì dé ìsàlẹ̀, ìpéńpéjú á sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì á sì padà sókè. Ọkọ ẹ̀ tó jókòó ti wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dókítà, mo ti ń sọ ọ́ nílé, tí ìyàwó mi bá ti ń ṣírò owó ojú ẹ̀ kì í mì.”

Mo tún gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó máa yọ 7 kúrò nínú 100, kó máa sọ ọ́ síta, 93, 86, 79, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ṣáá. Ẹ wò ó o, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì, ìṣirò ni méjèèjì, ojú ṣíṣẹ́ sì yàtọ̀ pátápátá. Kì í ṣe ìrònú nìkan ló ń dín in kù, ìrònú téèyàn ń fi ojú ṣe ni. Tí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọpọlọ, tí ojú ò ní nǹkan tó ń lé, èèyàn á máa ṣẹ́jú lọ ràì.

Kì í ṣe ara obìnrin yìí nìkan nìyí. Àwọn oníwàádìí ní Ítálì ka ti àwọn èèyàn 150 tára wọn le, wọ́n gbé e jáde ní 1997: téèyàn bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, bíi 17 ní mínítì kan, tó bá ń sọ̀rọ̀, 26, tó bá ń kàwé, 4 sí 5. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ, torí ní 1927 ni àwọn oníwàádìí méjì, Ponder àti Kennedy, ti kọ ọ́ pé kì í ṣe gbígbẹ ojú ló ń darí bá a ṣe ń ṣẹ́jú, pé bí ọkàn ẹni ṣe wà lásìkò yẹn ló ní agbára jù lórí ẹ̀. Ọmọ tuntun jòjòló sì wà níbẹ̀, kì í ṣẹ́jú ju bíi ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta ní mínítì kan, ojú ẹ̀ ò sì gbẹ (àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá fún mi nítorí èyí, ẹ fọkàn balẹ̀).

Ìdí tí ọpọlọ fi ń ṣe báyìí yé mi dáadáa. Gbogbo ìgbà téèyàn bá ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ń lọ fún bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdù. Ọpọlọ ò fẹ́ kí nǹkan pàtàkì kọjá nígbà yẹn, nítorí náà á sún un síwájú, á dúró de ibi tí àyè bá ṣí. Àwọn oníwàádìí ní Japan fi hàn ní 2009 pé táwọn èèyàn bá ń wo fídíò kan náà, wọ́n sábà máa ń ṣẹ́jú lásìkò kan náà, níbi tí ìtàn ti sinmi díẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé, tó bá parí ojú ìwé, á ṣẹ́jú. Ẹni tó ń wo Excel tí ìlà ẹ̀ ò lópin ńkọ́? Tó jẹ́ ìparí ọdún, tí àwọn ọ̀dítọ̀ ti ń bọ̀, tí ọ̀gá ń béèrè ìwé àkáǹtì? Àyè ò ṣí rárá. Ibi tó wà nìyẹn láti Dìsẹ́ńbà.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí náà ló ń ṣe láti ọdún mẹ́wàá, ọyẹ́ sì ń wá lọ́dọọdún, kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún yìí? Mo bi í ohun tó yí padà lórí tábìlì ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ófíìsì yà á ní fídíò láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí kò ní fura, ó gbà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí mo ṣe rí i mo pè é.

Ọrùn ló ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ló ń lò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó máa ń tẹrí ba sí i látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń wo ọrùn fún un ní kó gbé kọ̀ǹpútà sókè kó bá ojú dọ́gba, ìmọ̀ràn yẹn sì dáa fún ọrùn, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Ófíìsì wá ra mọ́nítọ̀ ńlá fún un, wọ́n fi irin gbé e kọ́ sára ògiri. Àmọ́ obìnrin yìí ò ga, àga ẹ̀ náà ti bàjẹ́, tó bá fà á sókè á tún rọra rì sísàlẹ̀. Nínú fídíò yẹn, àárín mọ́nítọ̀ ga ju ojú ẹ̀ lọ. Ó na ọrùn sókè díẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ gún ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kéèyàn jókòó, ẹyinjú ẹ̀ méjèèjì sì là gbàǹgbà, èèyàn lè rí funfun lábẹ́ dúdú ojú. A.C. wà lókè mọ́nítọ̀ náà, ó ń fẹ́ sí i lójú tààrà.

Ẹ lọ síwájú dígí ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá wo òkè, ìpéńpéjú òkè á tẹ̀lé ẹyinjú lọ sókè, ojú á là. Tẹ́ ẹ bá wo ìsàlẹ̀, ìpéńpéjú á sọ̀ kalẹ̀ bo apá kan. Tsubota àti Nakamori ní Japan wọn nǹkan yìí ní 1993 lára àwọn òṣìṣẹ́ ófíìsì 104. Tí wọ́n bá sinmi, wọ́n ń ṣẹ́jú bíi 22 ní mínítì kan, tí wọ́n bá ń kàwé lórí tábìlì 10, tí wọ́n bá ń wo kọ̀ǹpútà 7. Ibi tí atẹ́gùn ti ń kan ẹyinjú tún wà níbẹ̀: sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin (cm²) 1.2 nígbà tí wọ́n ń wo ìwé nísàlẹ̀, 2.3 nígbà tí wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà níwájú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Nítorí náà ìgbà tó ń tẹrí ba sí láptọ́ọ̀pù, òótọ́ ni pé kì í ṣẹ́jú tó nígbà yẹn náà, àmọ́ ìpéńpéjú ń bo ojú ẹ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe gbé mọ́nítọ̀ sókè, ààbò yẹn lọ, ojú ṣíṣẹ́ ò sì pọ̀ sí i.

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì fẹ́ kó yé èèyàn: bí ara ṣe jókòó ló ń sọ bí ojú ṣe máa là tó, iṣẹ́ ọpọlọ ló ń sọ iye ìgbà tó máa pa dé. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe tó fi ìkejì sílẹ̀ á ní ìrọ̀rùn díẹ̀, kò ní tó. Mo dán an wò lọ́dọ̀ mi, mo gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ sísàlẹ̀, mo tún ka ojú ẹ̀: 5 ní mínítì kan. Kò kúrò níbi tó wà. Àmọ́ ihò ojú ti kéré, ìpéńpéjú tó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì tẹ́lẹ̀ ti ń súnmọ́ ìsàlẹ̀ torí ọ̀nà tó máa rìn ti kúrú.

Èyí la wá ṣe. Wọ́n tú irin mọ́nítọ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e sórí tábìlì, òkè ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú díẹ̀, wọ́n sì dà á sẹ́yìn díẹ̀ kó kọjú sókè sí i. Kí ọrùn má bàa tún bẹ̀rẹ̀, mo bá ẹni tó ń wo ọrùn ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a jọ gbà pé ojú ni kó máa wo ìsàlẹ̀, kí orí dúró níbi tó wà. Wọ́n pààrọ̀ àga, wọ́n fi páálí bébà A4 sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ torí àga tuntun ga fún un. Wọ́n yí ẹnu A.C. sí ẹ̀gbẹ́. Mo fún un ní oògùn tó ń mú ojú tutù lásán, èyí tí kò ní steroid, àti pé kó máa fi aṣọ tó rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ìpéńpéjú lálaalẹ́ kí òróró tó ti dì lè yọ́.

Ti ọpọlọ ló ṣòro. Èèyàn ò lè máa rántí ṣẹ́jú nígbà tó ń wá mílíọ̀nù tó sọnù nínú àkáǹtì, tó bá ń rántí yẹn kò ní rí mílíọ̀nù náà. Mo ní kó so ó mọ́ iṣẹ́ gan-an: tó bá ti parí àkáǹtì kan, kó tó ṣí òmíràn, kó pa ojú méjèèjì dé pátápátá, kó fún un díẹ̀, kó là á, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún ní kó máa pe ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀ kó máa ṣàlàyé ohun tó rí fún un sétígbọ̀ọ́, torí ọ̀rọ̀ sísọ ń dá ojú ṣíṣẹ́ padà, ọmọ yẹn náà á sì kọ́ṣẹ́. Mo sì bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ fóònù. Tó bá fẹ́ sinmi ojú, fóònù ló máa ń mú, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi fún ojú rárá. Ọkọ ẹ̀ tún sọ pé lóru ó máa ń dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, á gbé fóònù sókè orí, bẹ́ẹ̀ ni ojú á tún là sókè títí á fi sùn.

Nígbà tó padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ojú ti funfun. Omijé ẹ̀ ń dúró dé 8 kó tó ya, ibi tó bó nísàlẹ̀ cornea ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìfúnpá ojú ti sọ̀ dé 17 lápá méjèèjì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Mo tún dọ́gbọ́n ka ojú ẹ̀ nídìí Excel: 6. Díẹ̀ náà ló fi pọ̀ sí i. Àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló ń dé ìsàlẹ̀. Ọrùn ò dùn ún. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dítọ̀ jókòó tì í títí di alẹ́ ojú tún ta á, ó sọ ọ́ fún mi láìfi pa mọ́, ó kán oògùn, ó sùn, títa náà ti lọ láàárọ̀.

Mo ṣì ń wọn ìfúnpá ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ti bàbá ẹ̀, àwọn àbúrò ẹ̀ méjì sì ti wá ṣe àyẹ̀wò. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí tí ojú yín náà ń ta nídìí kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ pé ó ń dun yín gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló pọ́n, tẹ́ ẹ bá ń lo contact lens, tàbí tí bàìbàì náà ò kúrò lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ tiyín kì í ṣe ti obìnrin yìí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má kọ́kọ́ yà sí kẹ́mísítì.